Ọkọ̀ Àlòkù fún Ẹni Tówó Rẹ̀ Mọ Níwọ̀n: Àgbéyẹ̀wò Ọjà Mọ́tò ní Ọ̀jọ́, Ìba àti Okokomaiko

Ní ọjọ́ 21 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to Beetle, Passat àti mọ́tò kan tí wọ́n sọ ní Igala, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ ń ti ilẹ̀ Brazil wá. Owó epo rọ̀bì ń rọ́ wọlé lákòókò náà, owó àfikún oṣù tí wọ́n ń pè ní Údójì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tíṣà àti nọ́ọ̀sì sì ń fi owó oṣù àti ẹ̀yáwó ibi iṣẹ́ ra ọkọ̀ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò gùn rí. Lónìí, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà lẹ́nu àwọn kọ̀ńdọ́ Mile 2 gẹ́gẹ́ bí orúkọ ibùdókọ̀. Ẹni tó bá sọ̀ níbẹ̀, tó ń wá ọkọ̀ tí yóò fi gbé ọmọ lọ sílé-ìwé tàbí kó ẹrù láti ọjà Alábà, àlòkù ló ń wá, owó tó wà lápò rẹ̀ kì í sì í sábà tó ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní agbègbè yìí: òṣìṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, oníṣòwò ẹ̀rọ ní Alábà, ìdílé sójà ní bárékè Ọ̀jọ́, olùgbé Iba Housing Estate tó ń lọ síṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi mọ́tò ṣe takisí Bolt. Bí a bá yẹ ọ̀ràn wọn wò látòkè délẹ̀, ohun kan ló ń hàn: owó tí wọ́n san fún ẹni tó ta ọkọ̀ jẹ́ ìdá kan péré nínú iye tí ọkọ̀ náà máa ná wọn. Èyí tó kù wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, lórí ìwé ọkọ̀ àti nínú táǹkì epo. Ẹni tó bá kó gbogbo owó rẹ̀ lé alágbàtà lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni ọkọ̀ pọ́ọ́kú máa ń wọ́n fún jù lọ.

Bí tòkunbọ̀ ṣe gba ojú títì

Ọdún 1986 ni nǹkan yí padà. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún náà, ìjọba Ọ̀gágun Babangida dá ọjà pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń pè ní SFEM sílẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó náírà méjì tẹ́lẹ̀ fò kọjá náírà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí Volkswagen ní Ọ̀jọ́ àti Peugeot ní Kàdúná ń kó wọlé wọ́n gógó, mọ́tò tuntun sì bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Àwọn tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkọ̀ tí wọ́n ti lò níbẹ̀ wálé, bẹ́ẹ̀ ni tòkunbọ̀ ṣe di ọkọ̀ aráàlú.

Títì Àgbádárìgì ni ọ̀kan pàtàkì nínú ojú ọ̀nà ọjà yìí. Kútọnu kò jìnnà, owó ibodè ilẹ̀ Benin kéré sí ti Nàìjíríà, èbúté wọn sì ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ pé Nàìjíríà ni wọ́n ń bọ̀. Wọ́n á gba ibodè Sẹ̀mẹ̀, wọ́n á kọjá Àgbádárìgì àti Àgbárá, kí wọ́n tó yọ sí Okokomaiko. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé; èbúté ojú omi nìkan ló kù. Ní oṣù Ògún 2019, wọ́n ti ibodè náà pa, Sẹ̀mẹ̀ kò sì ṣí padà títí di oṣù Ọ̀pẹ̀ 2020. Ṣíṣí tí wọ́n ṣí i kò pa òfin ọdún 2017 rẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n bá kó gba ibẹ̀ wọlé lẹ́yìn òfin náà, fàyàwọ́ ni, bó ti wù kó dán tó.

Ìyà tó tún wá ju èyí lọ dé ní 2023. Ní oṣù Òkúdù ọdún náà, báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n rà ní $3,000 ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí ₦1,400,000 nígbà tí dọ́là wà ní bíi ₦465. Nígbà tí dọ́là dé ₦1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ kan náà di ₦4,500,000, a ò tíì ka owó ọkọ̀ ojú omi. Owó Kọ́sítọ́ọ̀mù náà gun òkè, torí pé iye dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ní àkókò kan náà, owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000, ó di ₦70,000 ní 2024. Iye ọkọ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́ta, owó oṣù kò tó ìlọ́po méjì àbọ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin tí ọkọ̀ fi ń dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ rà á

Àkọ́kọ́ ni tòkunbọ̀ tó gba èbúté Tin Can Island wọlé, tí owó ibodè rẹ̀ pé, tí ìwé rẹ̀ sì wà. Òun ló wọ́n jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nítorí pé kò tíì gun títì Nàìjíríà, ara rẹ̀ le. Kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, gbé jáde ní oṣù Ọ̀wàrà 2020 fi hàn pé ọkọ̀ àlòkù mílíọ̀nù 14 ló kúrò ní Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà láàárín 2015 sí 2018. Nínú 100 ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, 80 ló lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Nínú àwọn tó ti Nẹ́dálándì wá sí Nàìjíríà, ìdá kan nínú mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 20 ọdún. Ọkọ̀ ogún ọdún ti darúgbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìkejì ni fàyàwọ́. Òun ló ń wu olówó kékeré jù, torí pé ẹni tó tà á kò san owó ibodè. Ẹni tó rà á ló gbé ẹrù náà. Láti Sẹ̀mẹ̀ dé Mile 2, Kọ́sítọ́ọ̀mù máa ń dá ọkọ̀ dúró, bí owó ibodè kò bá sí, wọ́n lè gbé ọkọ̀ náà lọ pátápátá. Láàárín ọjọ́ 4 oṣù Ẹrẹ́nà sí ọjọ́ 5 oṣù Agẹmọ ọdún 2024, Kọ́sítọ́ọ̀mù fún àwọn tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láǹfààní láti wá san owó tó yẹ, pẹ̀lú ìtanràn ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Àǹfààní náà ti kọjá. Ẹni tó bá ń ra irú ọkọ̀ yìí báyìí ń ra ìjà tí ẹlòmíràn dá sílẹ̀.

Ìkẹta ni ọkọ̀ tó ti kàgbákò ní Amẹ́ríkà. Bí ìjàm̀bá bá ba ọkọ̀ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò fi gbà pé àtúnṣe rẹ̀ kò tọ́ sí i, wọ́n á kọ "salvage" sí ìwé rẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lu ọkọ̀ ní gbàǹjo, bíi Copart. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń kó ọkọ̀ wá sí ilé ti ń rà á. Ìjì Harvey tó kọlu Houston ní 2017 ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ jẹ́, omi sì wọ inú wọn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dán bíi dígí lẹ́yìn tí páńẹ́lì bítà àti afọ̀dà bá ti fọwọ́ kàn án, àmọ́ wáyà inú rẹ̀ ti ń jẹrà.

Ìkẹrin ni èyí tí wọ́n ń pè ní "Nàìjíríà úsùdù", ọkọ̀ tí ẹnì kan ti forúkọ sílẹ̀, tó sì ti ń gùn níhìn-ín. Àwọn kan ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, torí pé ìyì tòkunbọ̀ ni wọ́n ń wá. Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀nà yìí ló tọ́ sí i jù, bó bá jẹ́ pé ó mọ ẹni tó ni ọkọ̀ náà: olùkọ́ tó ń lọ fẹ̀yìntì, aládùúgbò ní Ìba tó ń rìnrìn àjò lọ sí Kánádà, ọmọ ìjọ tó fẹ́ ra òmíràn. Mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe wà ládùúgbò, èèyàn lè bi í léèrè. Ohun tó ti bàjẹ́ tí wọ́n ti pààrọ̀ kò pa mọ́.

Orúkọ ọkọ̀ àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀

Àǹfààní ńlá kan wà fún ẹni tó ń gbé agbègbè yìí. Ọjà ASPAMDA, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, wà nínú ọgbà Trade Fair, lójú ọ̀nà kan náà. Ohun tó bá pọ̀ níbẹ̀, tuntun àti tòkunbọ̀, ni ó rọrùn láti tọ́jú. Toyota Corolla, Camry àti Honda Accord ló sì pọ̀ jù. Mercedes tàbí BMW ọlọ́jọ́ pípẹ́ lè pọ́ọ́kú ju Corolla lọ lọ́jọ́ tí a rà á, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ kan tó bá bàjẹ́ lè gba owó tí ìdílé fi ń jẹun fún oṣù mélòó kan.

Orúkọ rere Toyota kò sì bo gbogbo ọdún mọ́lẹ̀. Corolla ti 1998 sí 2002 tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8 máa ń mu ọ́ìlì. Camry tí wọ́n ń pè ní "Muscle", pàápàá ti 2007 sí 2009 tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4, ní àìsàn kan náà. Gíà Honda Accord V6 ní orúkọ burúkú débi pé ní 2004, Honda fúnra rẹ̀ pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà nítorí gíà, tí Accord V6 ti 2003 àti 2004 sì wà lára wọn. Ẹni tó bá fẹ́ Honda, kó wá oní-sílíńdà mẹ́rin.

Ewu kan tún wà tí alágbàtà kì í sọ, tí ọ̀pọ̀ lára wọn kò tilẹ̀ mọ̀. Àpò afẹ́fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe, tó wà nínú ọ̀pọ̀ Honda, Toyota, Nissan àti àwọn ọkọ̀ mìíràn láti nǹkan bí 2001, ni wọ́n tìtorí rẹ̀ pe ọkọ̀ padà jù lọ nínú ìtàn. Oògùn tó ń mú àpò náà wú máa ń bàjẹ́ bó bá pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin. Lọ́jọ́ tó bá tú, irin tó gbé e lè bú gbàmù, kó sì fọ́n lu awakọ̀. Ní 2016, àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, NHTSA, kéde pé nínú àwọn Honda àti Acura kan ti 2001 sí 2003, irin náà lè bú nígbà tó tó ìdajì. Ooru àti ọ̀rinrin kò sì wọ́n wa ní etí ọ̀sà Ọ̀jọ́. Lórí íkànnì NHTSA, ẹnikẹ́ni lè fi nọ́ńbà VIN ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá àtúnṣe Takata ṣì kù lórí rẹ̀.

Àyẹ̀wò kí owó tó jáde

Àárọ̀ kùtù ni kí èèyàn lọ wo ọkọ̀, kí ẹni tó ń tà á má tíì tan án. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń bo àlébù mọ́lẹ̀. Èéfín funfun tí kò lọ bọ̀rọ̀ ń sọ pé omi ń wọ inú ẹ́ńjìnnì, bóyá tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Èéfín aláwọ̀ búlúù ni ti ọ́ìlì tó ń jó. Dúdú ni ti epo tó pọ̀ jù. Bí ohun tó wà lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì bá funfun bíi mílíìkì, kí ẹni tó fẹ́ rà á yí padà sílé.

Gíà ló máa ń pa olówó kékeré. Kí ọkọ̀ náà rìn fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ìyànà Ìba, nítorí pé inú irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni gíà aládàáṣiṣẹ́ ti ń gbóná, tó sì ń fi ìwà rẹ̀ hàn. Bó bá ń já, bó bá ń pẹ́ kó tó wọlé, tàbí bí ọ́ìlì gíà bá ń rùn bí ohun tó jóná, owó àtúnṣe rẹ̀ lè jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta iye ọkọ̀.

Ní ti ọkọ̀ tí omi ti wọ̀, ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán, ẹ wo òpin rẹ̀ bóyá ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wo ìdúró ìjókòó bóyá ó ti dípẹtà. Ní ti èyí tó ti ní ìjàm̀bá, ẹ wo orí bóòtù bónẹ́ẹ̀tì bóyá wọ́n ti tú u rí, àti àárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀ bóyá àlàfo wọn dọ́gba. Tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì tíì tan ẹ́ńjìnnì, iná ẹ́ńjìnnì àti ti àpò afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ti àpò afẹ́fẹ́ kú lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kí ti ẹ́ńjìnnì sì kú bí a bá tan ẹ́ńjìnnì. Èyí tí kò tàn rárá, ẹnì kan lè ti yọ ọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò tí ẹ̀rọ tí rewáyà fi ń ka àìsàn ọkọ̀ lè wọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sanwó láìjẹ́ pé wọ́n kà á. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́yìn DOT lára táyà ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ẹ tún wo abẹ́ ọkọ̀, torí pé ọ̀pọ̀ ló ti gé kátálíìsì tó ń sẹ́ èéfín tà.

Mẹkáníìkì tí olùrà mú wá fúnra rẹ̀ ló yẹ kó ṣe gbogbo èyí, kí olùrà sì san owó iṣẹ́ rẹ̀, kí ó má ṣe gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ń tà.

Pátíkúlà

VIN jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ó wà lábẹ́ dígí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ àti lára ṣáàsì. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ìkẹwàá nínú wọn ni ọdún rẹ̀: 3 jẹ́ 2003, 7 jẹ́ 2007. Ó gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà nínú ìwé mu láìku ẹyọ kan. Nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú JJJ, a sì lè fi nọ́ńbà náà wò ó lórí íkànnì ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ ti FRSC, àjọ ààbò ojú pópó Nàìjíríà, bóyá ọkọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀.

Ìdójútòfò tí òfin béèrè fún ọkọ̀ ara ẹni di ₦15,000 láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ níta, íkànnì askNIID sì ni ibi tí èèyàn ti lè yẹ tirẹ̀ wò. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi falẹ̀ ni yíyí orúkọ oní-ọkọ̀ padà. Títí tí wọ́n á fi ṣe é, ẹni tó tà á ni ìjọba mọ̀. Àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀, ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ ẹni tó tà, àti owó tó gba báńkì kọjá dípò owó ọwọ́ ni ààbò olùrà bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Ìṣirò owó

Ká fi ẹni tó ní ₦4,000,000 ṣe àpẹẹrẹ. Bó bá wá ọkọ̀ ₦4,000,000, kò ní kọ́bọ̀ tó máa fi pààrọ̀ ṣọ́kì lóṣù àkọ́kọ́, títì tó wà láti Okokomaiko lọ sí Àgbárá àti àwọn òpópónà inú Ìba sì máa ń jẹ ṣọ́kì àti búṣì. Ìṣirò tó bá a mu ni pé kó wá ọkọ̀ tí kò ju ₦3,000,000 lọ, kó ya ₦600,000 sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, ₦150,000 fún mẹkáníìkì aṣàyẹ̀wò àti pátíkúlà, kó sì fi ₦250,000 pa mọ́.

Ẹ̀yáwó báńkì ń ṣòro. Ní oṣù Bélú 2024, èlé tí báńkì àpapọ̀ fi lélẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí oníbàárà ń san sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó yá ₦2,000,000 ní ìdá 30 ń jẹ èlé tó lè tó ₦600,000 lọ́dún kan. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ àti àjọ ọjà ló ṣì sàn jù fún oníṣẹ́ oṣù àti oníṣòwò.

Epo ló wá kù. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Èbìbí 2023, lítà kan kò tó ₦200 ní Èkó. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2024 ó ti di ₦998 ní ilé epo NNPC. Ká ka lítà kan sí ₦900. Ẹni tó bá ń wakọ̀ láti Okokomaiko lọ sí Marina, tó sì ń padà, lè jó lítà méje lójúmọ́ nínú gòsìlòó: ₦6,300. Fún ọjọ́ iṣẹ́ 22, ó jẹ́ ₦138,600, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó oṣù tó kéré jù lọ. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò. Láti oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2023 ló ti ń gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2. Okokomaiko ni òpin tí wọ́n ṣètò fún un. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó lè fi ọkọ̀ rẹ̀ dé Mile 2, kó sì wọ ọkọ̀ ojú irin. Lọ́jọ́ tí irin náà bá dé Okokomaiko, ọ̀pọ̀ ìdílé lè rí i pé ọkọ̀ kékeré fún ọjà, ilé-ìwé àti ìjọ ti tó wọn.

Ohun tó yẹ ká béèrè lọ́wọ́ ìjọba

Gbogbo ẹrù yìí kò yẹ kó wà lórí olùrà nìkan. Èkó ní ẹ̀ka tó ń yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tó ń wọn bíréèkì, èéfín àti abẹ́ ọkọ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ní olówó tán ni aráàlú ń gbé e lọ síbẹ̀, torí ìwé. Àyẹ̀wò yẹn ìbá ṣàǹfààní jù bó bá ṣáájú owó. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti ìjọba ìdàgbàsókè Ìba àti Ọ̀tọ́-Àwórì lè bá ìpínlẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ibi àyẹ̀wò kan wà lójú ọ̀nà yìí, nítòsí Trade Fair, tí olùrà àti ẹni tó ń tà á lè jọ gbé ọkọ̀ lọ ní Sátidé, kí wọ́n gba ìwé kan tó kọ àlébù rẹ̀, VIN rẹ̀ àti bóyá owó ibodè rẹ̀ pé. Kí wọ́n kọ iye àyẹ̀wò náà gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà, kí tíṣà tó tọ́jú ₦4,000,000 fún ọdún púpọ̀ lè kà á mọ́ owó ọkọ̀ kó tó kúrò nílé.